Òtútù Mẹ́kà, Òjò Jẹ́dà: Èwo Nínú Àwọn Kọ̀ǹpútà Tó Ń Sọ Ojú Ọjọ́ La Lè Gbára Lé?

Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá máa ń lọ ṣe Ùmúrà, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó di ẹrù: ṣé òtútù wà ní Mẹ́kà? Tẹ́lẹ̀ rí, Àlàájì tàbí Àlàájà tó ti lọ ṣáájú ni wọ́n máa ń bi. Lónìí, fóònù ni wọ́n ń bi, fóònù kì í sì í pẹ́ dáhùn. Ó lè ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ máa jẹ́ digíríì 18, ọ̀sán á jẹ́ 29, òjò díẹ̀ á sì rọ̀. Fóònù ẹlòmíràn nínú ilé kan náà á ní digíríì 15 ni, kò sì ní sí òjò rárá. Ọ̀rọ̀ á wá di àríyànjiyàn: ẹnì kan á kó súwẹ́tà mẹ́ta sínú báàgì, ẹnì kejì á ní kò sóhun tó ń jẹ́ òtútù ní ilẹ̀ Lárúbáwá.

Mo fẹ́ gbé ìbéèrè yẹn yẹ̀wò látòkèdélẹ̀, nítorí ó ju ọ̀rọ̀ súwẹ́tà lọ. Ohun tí mo rí nìyí, màá sì sọ ìdí rẹ̀ bí a bá ṣe ń lọ: àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú ọjọ́ mọ òtútù Mẹ́kà dáadáa, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lórí òtútù kò tó nǹkan. Orí òjò ni wọ́n ti ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀, òjò ìgbà òtútù ló ń pa ènìyàn ní Jẹ́dà. Ibi tí arìnrìn-àjò ń wò kọ́ ni ewu wà.

Fóònù kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá bíi mélòó kan láyé ló ń ṣe ìṣirò tí gbogbo fóònù ń jẹ. Èyí tí àwọn onímọ̀ fọkàn tán jù ni ECMWF, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá sílẹ̀ ní 1975, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Reading ní Bírítéènì, tí àwọn kọ̀ǹpútà alágbára rẹ̀ sì ti kó lọ sí Bologna ní Ítálì. Láti 1979 ni wọ́n ti ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ jáde. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GFS, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ áàpù fóònù fi ń lò ó. Jámánì ní ICON. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Bírítéènì, Met Office, náà ní tirẹ̀. Ní Sáúdì fúnra rẹ̀, NCM, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Jẹ́dà, ló ní àṣẹ láti kéde ìkìlọ̀. Àwọn onímọ̀ tún wà ní Yunifásítì King Abdulaziz ní Jẹ́dà àti ní yunifásítì KAUST ní Thuwal, létí Òkun Pupa, ní àríwá Jẹ́dà, tí wọ́n ń ṣírò ti agbègbè náà ní kíkún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n pín gbogbo afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká sí àpótí àpótí, láti ilẹ̀ títí dé òkè réré. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan dúró fún ooru, òmíràn fún ọ̀rinrin, òmíràn fún agbára afẹ́fẹ́ àti ibi tó kọjú sí. Sátẹ́láìtì, bàlúùnù tí wọ́n ń fi sókè, ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ibùdó orí ilẹ̀ ló ń pèsè nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fi òfin físíìsì ṣírò ohun tí àpótí kọ̀ọ̀kan máa dà ní ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, á tún ṣírò èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ kẹwàá tàbí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Lewis Fry Richardson, ará Bírítéènì, ló fi ọwọ́ ṣe irú ìṣirò yìí, tó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1922. Ìdáhùn tó rí kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu rárá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là ni gbogbo wọn ṣì ń tọ̀ títí dòní.

Àwọn ètò ìṣirò wọ̀nyí ni màá máa pè ní àwòṣe, nítorí ojú ọjọ́ ayé ni wọ́n ń wò ṣe. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ tó wà láàárín wọn ni fífẹ̀ àpótí. Àpótí ECMWF fẹ̀ tó kìlómítà 9. Ti Met Office jẹ́ nǹkan bíi 10. Ti GFS àti ti ICON jẹ́ nǹkan bíi 13.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwọ̀n yìí lé ilẹ̀ Híjáàsì, agbègbè tí Jẹ́dà àti Mẹ́kà wà. Etí òkun ni Jẹ́dà wà, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Mẹ́kà wọ inú lọ ní nǹkan bí àádọ́rin kìlómítà, àfonífojì ló wà, òkè olókùúta yí i ká, gíga rẹ̀ sí ojú òkun kò sì tó 300 mítà. Tí ẹ bá kúrò ní Mẹ́kà tí ẹ forí lé ìlà oòrùn, ọ̀nà Al-Hada tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára òkè á gbé yín dé Tọ́ífù, tó ga tó nǹkan bí 1,900 mítà. Gbogbo èyí kò tó ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò. Láàárín Jẹ́dà àti Mẹ́kà, àwòṣe Yúróòpù ní bí àpótí mẹ́jọ; ti Amẹ́ríkà ní bíi márùn-ún sí mẹ́fà. Nínú àpótí kan ṣoṣo, àfonífojì tí Kábà wà àti àwọn òkè tó yí i ká ti dàpọ̀ di ilẹ̀ kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìpíndọ́gba. Kọ̀ǹpútà kò rí àfonífojì yẹn.

Kí ni èyí ń dá sílẹ̀? Bí ènìyàn bá gòkè ní 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ sábà máa ń tutù ní nǹkan bíi digíríì 6 ààbọ̀. Bí àpótí kan bá ka gíga ilẹ̀ Mẹ́kà sí 300 mítà ju bó ṣe jẹ́ lọ, òtútù tó máa kéde á lé ní digíríì bíi 2. Àwọn áàpù kan máa ń ṣe àtúnṣe sí i kí wọ́n tó gbé nọ́ńbà jáde, àwọn mìíràn kì í ṣe é. Ìdí nìyẹn tí fóònù méjì fi lè sọ digíríì 15 àti 18 fún ìdájí kan náà láìjẹ́ pé ojú ọjọ́ tí wọ́n ń rí yàtọ̀ síra. Gíga ilẹ̀ tí wọ́n gbé sínú ìṣirò ló yàtọ̀.

Òtútù náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo máa ń kó jọ sórí Siberia àti àárín gbùngbùn Éṣíà. Bí ọ̀nà bá ṣí fún un, á ṣàn gba Ìráàkì àti Jọ́dánì wọ àríwá Sáúdì. Níbẹ̀ òtútù kì í ṣe eré: omi máa ń dì ní Turaif, ní Hail àti ní agbègbè Tabuk, yìnyín sì bo òkè Jabal al-Lawz ní oṣù Kìíní ọdún 2022 tí àwọn ènìyàn ń wakọ̀ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ yẹn tó dé Mẹ́kà, ó ti rìn lórí aṣálẹ̀ tí oòrùn ń pa, ooru ti wọ̀ ọ́. Ní Jẹ́dà, Òkun Pupa tí omi rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà òtútù kò jẹ́ kí òru tutù jù. Ìpíndọ́gba ìdájí oṣù Kìíní ní Mẹ́kà jẹ́ nǹkan bíi digíríì 19, ti ọ̀sán jẹ́ nǹkan bí 30. Kó lọ sí ìsàlẹ̀ digíríì 10 ní Jẹ́dà, ohun tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Mẹ̀dínà ló yẹ kí arìnrìn-àjò bẹ̀rù ní ti òtútù, nítorí ìlú náà ga tó nǹkan bí 600 mítà, ó sì jìnnà sí òkun. Ìdájí rẹ̀ máa ń tutù ju ti Mẹ́kà lọ dáadáa. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò Ùmúrà fún wa fi máa ń sọ̀rọ̀ Mẹ́kà nìkan nígbà tí wọ́n bá ń gba àwọn èrò nímọ̀ràn lórí aṣọ.

Síbẹ̀, digíríì 19 lè mú ènìyàn gbọ̀n. Ẹni tó wọ aṣọ ìhrámù, aṣọ funfun méjì tí kò ní abẹ́rẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá, tó dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí mábù kí oòrùn tó yọ, tí afẹ́fẹ́ àríwá sì ń fẹ́ sí i, á mọ̀ ọ́n bí ẹni tó fi omi kànga wẹ̀ lójú ọyẹ́. Kò sí àwòṣe kankan tó ń ṣírò aṣọ ìhrámù. Nọ́ńbà tó wà lórí fóònù jẹ́ ti afẹ́fẹ́ ní òjìji, ní gíga mítà méjì sílẹ̀, kì í ṣe ti ara tó lomi.

Lórí irú òtútù yìí, mo gbà pé àwòṣe ti ṣe iṣẹ́ wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé òtútù tó ń ti Siberia bọ̀ gbòòrò. Ó máa ń tàn ká ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, kò sì lè fara pa mọ́ sínú àpótí kékeré. Nínú àgbéyẹ̀wò kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2015, Peter Bauer, Alan Thorpe àti Gilbert Brunet fi hàn pé láàárín ogójì ọdún, gbogbo ọdún mẹ́wàá ni àsọtẹ́lẹ̀ ń jèrè ọjọ́ kan: àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà òní dára tó ti ọjọ́ márùn-ún ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Nínú ìdíje tí àwọn iléeṣẹ́ náà fi ń wọn ara wọn, ECMWF ló sábà máa ń ṣíwájú, Met Office a máa sún mọ́ ọn, GFS a máa tẹ̀ lé wọn. Fún ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí òtútù gidi bá ń bọ̀ láti àríwá, gbogbo wọn á ti rí i ní ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Wọ́n lè jiyàn lórí bóyá ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa wọlé tàbí ìdájí Jímọ̀, wọ́n sì lè fi digíríì kan tàbí méjì yàtọ̀ ní ìdájí. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà jù ni òru tí ojú ọ̀run mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, torí yanrìn aṣálẹ̀ máa ń tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, nígbà tí kọnkéré àti mábù inú ìlú máa ń di tirẹ̀ mú. Èyí kò tó ohun tí à ń jà sí. Bí ẹ bá fẹ́ èrò mi, ẹ wo ti Yúróòpù fún òtútù, ẹ mú súwẹ́tà kan, kí ẹ sì fi ọkàn balẹ̀.

Ohun tó yẹ ká fi ọkàn sí ni òjò.

Òjò tó ń rọ̀ ní Jẹ́dà lọ́dún kan gbáko máa ń jẹ́ nǹkan bí 50 sí 60 mìlímítà. Ní Ìbàdàn, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ti Jẹ́dà kì í rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè kó ti ọdún kan tàbí méjì jọ kó dà á sílẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2009 bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ oṣù Sùlí-Híjà ọdún 1430, ọjọ́ tí àwọn alálàájì ń gbéra lọ sí Mínà. Òjò tó lé ní 90 mìlímítà rọ̀ ní Jẹ́dà láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Àgbàrá ya láti orí òkè ìlà oòrùn, ó gba ojú àfonífojì gbígbẹ tí wọ́n ti kọ́lé sí, ó gbá mọ́tò àti ilé lọ ní àdúgbò Quwaiza àti àwọn àdúgbò mìíràn ní gúúsù ìlú. Àwọn tó kú lé ní 100. Ọba Abdullah ní kí wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n sì gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn mìíràn lọ sílé ẹjọ́ nítorí owó gọ́tà àti ilẹ̀ tí wọ́n pín sí ojú omi. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2011, òjò bíi 111 mìlímítà tún rọ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta.

Kí ló ń fa irú òjò bẹ́ẹ̀, kí ló sì dé tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣì í? Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ méjì ló ń fẹ́ gba orí Òkun Pupa. Ọ̀kan ń ti àríwá sọ̀kalẹ̀, ìkejì ń ti ẹnu Bab-el-Mandeb ní gúúsù gòkè, wọ́n á sì pàdé ní ibì kan ní gúúsù Jẹ́dà. Bí ìpàdé yẹn bá sún sókè, ọ̀rinrin gúúsù á wọ agbègbè Jẹ́dà. Bí afẹ́fẹ́ tútù láti apá Mẹditaréníà bá tún gba òkè lójú ọ̀run kọjá ní ọjọ́ kan náà, ọ̀rinrin yẹn á fò sókè, àwọn òkè Híjáàsì á tún tì í sókè sí i, òjò ńlá á ṣú. Haggag àti El-Badry tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí òjò 2009, tí wọ́n gbé e jáde ní 2013, fi hàn pé ohun tó mú un le ni pé òjò náà dúró sójú kan: òmíràn ń ṣú ní ibi tí èyí àkọ́kọ́ ti rọ̀ tán.

Ẹ ò rí i pé òtútù àti òjò wọ̀nyí jẹ́ ìbátan ara wọn? Afẹ́fẹ́ tútù láti àríwá tí àwòṣe máa ń rí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń tanná ran òjò. Nítorí náà, àwòṣe ńlá lè sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ léwu fún etí Òkun Pupa. Ohun tí kò lè sọ dáadáa ni ibi tí òjò máa bọ́ sí. Àárín òjò ńlá tó ń pa ìlú lè má fẹ̀ ju ogún kìlómítà lọ. Ní ọdún 2009, àpótí ECMWF fẹ̀ tó kìlómítà 25, ti GFS fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú Jẹ́dà wọ inú àpótí méjì tàbí mẹ́ta! Irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ á rí òjò, ṣùgbọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀ gbígbòòrò, òjò tó fẹ́ gbé ilé lọ á wá dà bí òjò wínníwínní. ECMWF sọ àpótí rẹ̀ di 16 ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ó sì sọ ọ́ di 9 ní 2016. Ó dára jù, ṣùgbọ́n kò tíì tó.

Ibí ni àwòṣe agbègbè ti wúlò. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí Sáúdì máa ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní WRF, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n lè mú àpótí rẹ̀ kéré dé kìlómítà kan sí mẹ́ta, kó lè rí àfonífojì àti òkè, kó lè rí bí òjò ṣe ń gòkè fúnra rẹ̀ dípò kó máa méfò. Àwọn onímọ̀ KAUST wà lára àwọn tó fi í tún òjò 2009 àti àwọn òjò Jẹ́dà mìíràn ṣírò, iṣẹ́ wọn kan lórí èyí sì jáde ní 2015. Ṣáájú wọn, ní 2011, Mansour Almazroui ti Yunifásítì King Abdulaziz ti dán àwòṣe agbègbè mìíràn wò lórí òjò ńlá ilẹ̀ Lárúbáwá, pàápàá ti àyíká Jẹ́dà, láti mọ bí ìdáhùn ṣe ń yí padà bí wọ́n bá yí ètò inú rẹ̀ padà. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yẹn: òjò kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọ̀nà ìṣirò inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí, ìdáhùn yàtọ̀. Àti pé ẹnu àwòṣe ńlá ni àwòṣe kékeré ti ń gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Bí ECMWF tàbí GFS bá ṣi afẹ́fẹ́ àríwá sọ, WRF á fi ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ kún àṣìṣe náà ni.

Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ láti fi bá àìdánilójú yìí gbé ni ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti ń ṣe láti 1992: dípò kí wọ́n ṣe ìṣirò kan, wọ́n á ṣe ọ̀pọ̀, wọ́n á yí ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan díẹ̀. ECMWF ń ṣe 51 lẹ́ẹ̀kan náà. Amẹ́ríkà ń ṣe 31. Bí 45 nínú 51 bá ní òjò ńlá á rọ̀ ní agbègbè Jẹ́dà, ẹ sá. Bí 6 péré bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe pa á tì, pàápàá tí ẹ bá ní ìrìn-àjò ojú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ áàpù fóònù kì í fi èyí hàn yín rárá; àwòrán òjò kékeré kan àti ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fún yín. Àléébù ńlá ni mo kà á sí, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo ń fún ènìyàn ní ìdánilójú tí ẹni tó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní.

Láti 2023, àwọn tuntun kan ti dé. Pangu-Weather ti Huawei àti GraphCast ti Google DeepMind kì í ṣe ìṣirò físíìsì. Ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ayé ń pè ní AI ni wọ́n. Wọ́n fi ojú ọjọ́ ogójì ọdún kọ́ wọn, wọ́n sì ń sọ ti ọjọ́ mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe GraphCast kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Science pé ó ta àwòṣe ECMWF yọ nínú ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n fi wọn wọ́n. ECMWF náà kò dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tirẹ̀, AIFS, lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2025. Fún òtútù tó ń ti Siberia bọ̀, mo gbà pé wọ́n ti di ẹni à ń bọ̀wọ̀ fún. Fún òjò Jẹ́dà, mi ò gbà. Àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n fi kọ́ wọn, ERA5, àpótí rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 31. Òjò 2009 fúnra rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ nínú àkọsílẹ̀ yẹn kí ẹ̀rọ tó kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè mọ ohun tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún un.

Ẹ wá wo ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2022. NCM kéde pé mìlímítà 179 rọ̀ ní gúúsù Jẹ́dà láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 2009. Àwọn tó kú jẹ́ méjì. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ òfuurufú falẹ̀, wọ́n sì ti ọ̀nà tó lọ sí Mẹ́kà fún àkókò kan. Kì í ṣe àwòṣe nìkan ló gba àwọn ènìyàn là. Láàárín ọdún 2009 sí 2022, Sáúdì ti kọ́ ìdídò omi sí orí àfonífojì, wọ́n sì ti gbẹ́ ojú omi tó gbòòrò wọ òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n tì àti ilé ẹ̀kọ́ tí kò ṣí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ pọ̀ lójú àgbàrá. Àsọtẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe nǹkan kò yàtọ̀ sí àìsọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ooru Mẹ́kà dé digíríì 51.8 nígbà Hájì. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ooru ń bọ̀, ìkìlọ̀ sì wà. Síbẹ̀ ìjọba Sáúdì ní ènìyàn 1,301 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó lọ láìgba ìwé àṣẹ, tí wọn kò ní àgọ́ tí wọ́n lè sá sí.

Àwa tí a wá láti Ìbàdàn kò ní láti rìn jìnnà kí èyí tó yé wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ọdún kan náà tí òjò Jẹ́dà kejì rọ̀, omíyalé pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí odò Ògùnpa ti ṣe ọṣẹ́ ní 1980. Ilé tó wà lójú odò ló kọ́kọ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ti Quwaiza.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó ń sọ òjò ọ̀la ti ń wọ inú gáìbù, ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àníyàn yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí sátẹ́láìtì ti rí lórí Sìnáì lónìí kì í ṣe gáìbù mọ́. Ẹni tó rí ìkùukùu tó dúdú ní ìwọ̀ oòrùn tó sì kó aṣọ wọlé kò pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run. Àwòṣe ń sọ ohun tó ṣeé ṣe, ìyẹn náà ni onímọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí máa le sí i láìpẹ́. Hájì ń tètè dé sí i ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ti 2025 ni Hájì ìkẹyìn nínú ooru gbígbóná títí di nǹkan bí 2050, gẹ́gẹ́ bí NCM ṣe sọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn 2025, á wọ àkókò òtútù. Ní nǹkan bí 2037, oṣù Kìíní ni ọjọ́ Àráfà máa bọ́ sí, ní nǹkan bí 2041, á tún dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, tó sún mọ́ ti 2009. Ní ọdún 2030, ààwẹ̀ Ramadáànì á wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù Kìíní àti ní oṣù Kejìlá, inú òtútù ni méjèèjì. Àwọn tó ń lọ ṣe Ùmúrà nínú ààwẹ̀ á bá àkókò òjò Jẹ́dà pàdé.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìrìn-àjò Ùmúrà, àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn alálàájì ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Kwara àti Èkó, ẹ yan ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ yín tó gbọ́ èdè Lárúbáwá, kó máa ka ìkìlọ̀ NCM láràárọ̀ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì. Àwọ̀ ni NCM fi ń pín ìkìlọ̀ rẹ̀: yẹ́lò, olómi ọsàn, pupa. Bí ó bá ti di pupa fún Jẹ́dà tàbí Mẹ́kà, ẹ má ṣe gbé bọ́ọ̀sì kankan sójú ọ̀nà, kódà bí ọkọ̀ òfuurufú bá fẹ́ fi èrò sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn sí Jẹ́dà. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣeé tún rà.